Káàṣì Tí Mo Nù Lọ́jọ́ Tí Ọkọ̀ Dojú Dé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn, nítorí bí mo bá dúró lágbedeméjì, mo mọ ara mi, màá tún wá àwáwí. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì jáde. Òní ló máa jáde. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé lẹ́bàá Ìbéṣè, tẹ́ ẹ sì gbọ́ pé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Munawwarah ló gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ fi bá omi lọ, ohun tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, nítorí ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde. Lùkúmàn ni orúkọ mi. Ẹ̀sìtéètì kan ní Ìkòròdú ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi, Ikhlas, àti ọmọ wa méjì. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní ọmọlúàbí, wọ́n sì ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Kí wọ́n dákẹ́ ná.

Iléeṣẹ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a ò ju mẹ́fà lọ. Áàpù là ń ṣe fún ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Èbúté Ìkòròdú. Akọ̀wé tó bá dúró létí omi á gbé fóònù dání, bí èrò kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń wọlé, á máa tẹ̀ ẹ́. Bí iye èrò bá ti ju èyí tí ọkọ̀ lè gbà lọ, ojú fóònù á pọ́n, ọkọ̀ náà ò sì ní gba àṣẹ láti ṣí. Bí kò bá tíì jù bẹ́ẹ̀, gíríìnì ló máa wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Wàyí o, àṣà kan wà lójú omi wa tó ti wà kí wọ́n tó bí áàpù: ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá gbé sórí ẹsẹ̀ kì í ṣe èrò. Ìyá márùn-ún lè wọlé pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, èèyàn márùn-ún ni wọ́n máa kà. Bí a ṣe bá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe kọ ọ́. Bọ́tìnnì wà fún ọmọ ẹsẹ̀ o, akọ̀wé a máa tẹ̀ ẹ́ kó lè wà lákọsílẹ̀, àmọ́ áàpù kì í rò ó mọ́ iye tó wà nínú ọkọ̀.

Munawwarah ló kọ́kọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kò dáa. Ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni, ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́wàá, òun ló sì kéré jù nínú wa ní ọ́fíìsì. Ìyá tó bí i ti kú kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ obìnrin, Màmá Ṣẹ̀rífátù, ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ wọn, wọ́n a máa gbé e láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Èbúté Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, orí ẹsẹ̀ wọn sì ni Munawwarah ti mọ gbogbo ojú omi yẹn láti kékeré. Lọ́jọ́ ìpàdé, ó na ọwọ́ sókè, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Ṣé omi náà mọ̀ pé ọmọ ẹsẹ̀ kì í ṣe èrò ni?” A bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dé ọ̀fun. Ọ̀gá wa, Màdáámù Fọláwùmí, sọ fún un pé kó tún un kọ, kí áàpù máa ka gbogbo orí tó bá wọ ọkọ̀.

Ibi tí tèmi ti wọ̀ ọ́ nìyí, ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀. Kóòdù tí èèyàn kọ kì í kàn ṣàdédé di áàpù. Kálukú wa ní igun tirẹ̀ tó ti ń kọ tirẹ̀. Tó bá parí, á tẹ̀ ẹ́ wọ inú ti gbogbo wa, ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ fúnra ẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì sè é di ohun tó lè wọ fóònù. Wàhálà ẹ̀rọ yìí ni pé kò ní ìrántí. Gbogbo irinṣẹ́ tó fà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì lánàá, ó tún máa lọ fà á lónìí. Ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà. Bí iná bá lọ láàárín, a di ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí àwa oníṣẹ́ yìí fi ń lo káàṣì nìyẹn. Ẹ fi wé ìkòkò ọbẹ̀. Dípò kí ẹ̀rọ máa se tuntun nígbà gbogbo, á gbé ti àná pamọ́, á lẹ orúkọ mọ́ ìkòkò náà, tó bá tún di ọ̀la, á gbé e kaná, ó parí. Orúkọ tó wà lára ìkòkò yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀. Inú kóòdù fúnra ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mú orúkọ yìí jáde. Bí èèyàn bá yí ẹyọ lẹ́tà kan padà, orúkọ á yí, ẹ̀rọ á mọ̀ pé ọbẹ̀ yìí kì í ṣe ti òní mọ́, á dà á nù, á se òmíràn.

Munawwarah wá ń tún apá tó ń ka èrò kọ, ó ń yí i lónìí, ó ń yí i lọ́la, ó sì ń gbé e fún ẹ̀rọ láti igun tirẹ̀ kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọmọ náà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Bó ṣe ń yí i ni orúkọ ìkòkò ń yí, bí orúkọ ṣe ń yí ni ogójì ìṣẹ́jú ń padà wá. Inú bí mi. Ìkánjú ni àrùn mi, kò tíì sí ẹni tó bá mi gbé tí kò mọ̀. Mo lọ sínú ètò ẹ̀rọ náà, mo yọ ọgbọ́n orúkọ yẹn kúrò, mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ kan ṣoṣo sí i: ìkòkò-kìíní. Mo sọ fún ara mi pé ìgbàkigbà tí ohun tó ṣe pàtàkì bá yí padà, èmi fúnra mi ni màá máa yí orúkọ náà. Èmi tí mo máa ń gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí. Iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú di ìṣẹ́jú mẹ́rin. Olúṣèyí, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tá a sì jọ ń gbé ẹ̀sìtéètì kan náà, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní orí mi pé jù. Màdáámù ní kí gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo wú bí búrẹ́dì.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti bàjẹ́. Apá tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ẹ̀rọ wa kì í bu nínú ìkòkò, tuntun ló máa ń sè fún ara ẹ̀. Ó tọ́ iṣẹ́ Munawwarah wò, ó rí i pé ó dùn, ó fi àmì gíríìnì sí i. Àmọ́ apá tó ń bù ú fún àlejò, inú ìkòkò-kìíní ló ti ń bù ú, nítorí orúkọ ò yí. Ti àná ló ń bù. Báyìí ni áàpù tí kì í ka ọmọ ẹsẹ̀ ṣe wọ fóònù àwọn akọ̀wé, tí gbogbo wa sì rò pé tuntun ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí léèrè. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó kù díẹ̀ ká lọ kírun. Mo jókòó ti Munawwarah bó ṣe tẹ iṣẹ́ ẹ̀ wọ inú ti gbogbo wa, ó wá ṣẹ́rí wo iwájú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, káàṣì tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ṣé kò ní gbé èyí tó ti pẹ́ fún wọn báyìí?” Ìbéèrè tó yẹ kí n fi orí balẹ̀ dúpẹ́ ẹ̀ ni. Kí ni mo sọ? Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Mo sọ ọ́ létí àwọn yòókù. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo ní màá wò ó tí mo bá ti mọ́sálásí dé. Mo dé, mi ò wò ó. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Iṣẹ́ ò pọ̀, ìgbéraga ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan gbéra láti Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀. Ogún èrò ló lè gbà. Àgbàlagbà ogún ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án lórí ẹsẹ̀. Màdáámù ti ránṣẹ́ sí gbogbo akọ̀wé etí omi pé láti ọjọ́ Jímọ̀ lọ, áàpù á máa ka àwọn ọmọdé. Akọ̀wé Ẹ̀pẹ́ tẹ àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò fo ọ̀kan. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ara fu òun, pé ọkọ̀ náà ti wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ òun wo fóònù, gíríìnì ni. Ó ní òun rò pé áàpù mọ̀ ju òun lọ. Ẹ ò rí ayé bí? Ká ní a ò ṣe áàpù kankan fún ọkùnrin yẹn, ojú ẹ̀ nìkan ì bá ti gbà wọ́n là. Nígbà tí ọkọ̀ náà sún mọ́ Ìbéṣè, ọkọ̀ ńlá kan tó kó yanrìn kọjá, ìgbì ẹ̀ gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dojú dé. Àwọn apẹja Ìbéṣè tú jáde, Ọlọ́run bá wọn ṣe é, wọ́n fa gbogbo èèyàn jáde, àgbà àtọmọ, àfi ẹnì kan. Màmá Ṣẹ̀rífátù wà nínú ọkọ̀ yẹn. Apẹja tó sún mọ́ wọn jù sọ pé wọ́n na ọmọ ọlọ́mọ kan sókè lójú omi títí òun fi gbà á lọ́wọ́ wọn, nígbà tí òun máa fi yíjú padà, òun ò rí wọn mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí òkú wọn.

Ìròyìn dé ọ́fíìsì kó tó di ọ̀sán. Munawwarah ń pe fóònù Màmá, kò wọlé. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó sáré jáde lọ sí Ìbéṣè. Màdáámù wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n bojú wò mí, wọ́n ní, “Lùkúmàn, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ yẹn jù. Lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó wá bi wá.” Olè ni wọ́n rán pé kó lọ wá olè. Mo jókòó, mo ṣí i, ojú ẹsẹ̀ ni mo rí i. Apá tó ń ka èrò nínú áàpù tá a gbé jáde ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìkòkò-kìíní wà níbẹ̀, orúkọ tí mo fi ọwọ́ kọ. Mo ń gbọ́ ohùn Màdáámù láti yàrá kejì, wọ́n ń bẹ ẹnì kan pé kó ní sùúrù. Mo ro ilé mi. Mo ro ọlọ́pàá. Mo ro bí wọ́n ṣe máa nàka sí mi ní ẹ̀sìtéètì. Mi ò ro Màmá Ṣẹ̀rífátù rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ lónìí. Mo nu káàṣì náà. Bọ́tìnnì kan péré ni, kò gba kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo nu ìwé ìrántí tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀. Mo dá ọgbọ́n orúkọ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, bóyá ẹ ṣì lè pè mí ní ojo nìkan. Mi ò dúró. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá wá wò ó máa rí iṣẹ́ Munawwarah nínú ti gbogbo wa láti ọjọ́ Jímọ̀, á sì bi wá pé, bí iṣẹ́ náà bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí kò dé inú fóònù? Ìbéèrè yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló máa já sí. Èmi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ibi tí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ gbogbo wa wà ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wọlé síbẹ̀, mo yọ ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ ti wọ inú ti gbogbo wa kúrò, bí ẹni fa ojú ewé kan ya nínú ìwé. Iṣẹ́ náà wá wà ní igun tirẹ̀ nìkan, ó ti parí, ó pé pérépéré, bíi pé ó kọ ọ́ tán tó sì gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo lọ bá Màdáámù. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Mo ní ẹ̀rọ wa kò ní àbùkù, mo ní Munawwarah ni kò tẹ iṣẹ́ ẹ̀ wọlé.

Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ ẹ̀ tutù dé orúnkún, nítorí ó ti bá àwọn apẹja wọ omi. Màdáámù bi í, ó ní òun tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n fi hàn án. Mo ṣí láàpútọ́ọ̀pù síwájú ẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò, ó fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé ó máa jà. Ká ní ó jà, bóyá ì bá ti rọrùn fún mi. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò tẹ̀ ẹ́ ni?” Èmi, tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo rí ìka ẹ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo ní kó má da ara ẹ̀ láàmú, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ọwọ́ tí mo gbé lé e léjìká yẹn ló ń dùn mí jù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Olúṣèyí mọ̀. Bá a ṣe ń lọ sílé, ó bi mí bóyá èmi ni mo nu káàṣì yẹn. Mo yíjú síta. Ó ní òun ò rí nǹkan kan o, kí n má fi òun ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ wa ti di kíkí lásán. Wọ́n lé Munawwarah lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn tún lẹ́tà náà kà kó tó jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè é ní apààyàn. Ní Ẹ̀pẹ́, àwọn kan ń sọ pé ọmọ tí Ṣẹ̀rífátù gbé pọ̀n ló tì í sómi. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn oníṣẹ́. Mo jẹun, mo sùn, mo bá wọn ṣe ìpàdé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò lè gbàgbé. Ó sì pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tí ẹni tó kó tèmi ń fojú rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi dé Ẹ̀pẹ́. Mo ń jáde létí omi nígbà tí bàbá Munawwarah, Alhaji Àlíyù, rí mi. Mo fẹ́ yà, wọ́n ti dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní Ọlọ́run ló rán mi sí àwọn. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn bẹ ọmọ àwọn, pé èmi nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ rere ẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó lè gbọ́ tèmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi. Lẹ́yìn ìsìnkú, Munawwarah ti lọ bi àwọn àáfà léèrè ohun tí ẹni tó ṣèèṣì pa èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe. Wọ́n ní ààwẹ̀ ìtánràn ni, ọgọ́ta ọjọ́ tẹ̀léra. Àáfà sọ fún un pé kò dájú pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wọ abẹ́ òfin yẹn, Munawwarah ní òun máa gbà á. Nígbà àkọ́kọ́, ó dé ogún ọjọ́, ọgbẹ́ inú dá a dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́síbítù. Wọ́n ní ẹ̀sìn fàyè gba aláìsàn láti máa bá a lọ níbi tó bá dúró sí, ó ní rárá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ó dé ọjọ́ kẹrìndínlógójì, ó tún ṣubú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Alhaji ní, “Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ mọ́, pé inú ọmọ náà ti ń jò. Ṣẹ̀rífátù lọ, mi ò fẹ́ sin èyí. Bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Mo wọlé. Ìrun Alásárì ṣẹ̀ṣẹ̀ tán. Ó jókòó lórí ẹní, ọrùn ẹ̀ ti rí tín-ín-rín, ó dìde kí ó lè kúnlẹ̀ kí mi, mo dá a dúró. Ó béèrè àwọn ọmọ mi lórúkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mò ń sọ̀rọ̀ nípa ọgbẹ́ inú, mò ń sọ pé Ọlọ́run kò ni wá lára, etí mi sì ń gbọ́ ẹnu mi bí ẹni ń gbọ́ àjèjì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ààwẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Mò ń rántí pé mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí ìka mi báyìí. Mo sì fojú ara mi rí i pé kò sí níbẹ̀. Bí mo bá lè rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kí ló kù tí mo mọ̀ nínú ayé mi? Mi ò ṣe kọ̀ǹpútà mọ́. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, mo máa ń padà wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni mo gbà. Orí ẹ̀ ni mo gbà. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí ìjókòó. Mo ní, “Munawwarah, o tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì ẹ́, mo rí ẹ. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò.” Bàbá ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ọ́ níṣojú wọn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí ìkòkò-kìíní dé orí ọwọ́ tí mo gbé lé e léjìká. Kò bú mi. Ìbéèrè oníṣẹ́ ló bi mí, ìkan lẹ́yìn èkejì, bóyá káàṣì yẹn ni, ọjọ́ wo ni mo nù ún, ṣé kí òun tó ti Ìbéṣè dé ni. Mo ń dáhùn. Nígbà tí ìbéèrè tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara ẹ̀ mú, ó ní, “Á jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe orí mi.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, irú ẹkún tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu àgbàlagbà, bàbá ẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Alhaji gbé omi wá, wọ́n ní kó mu ún, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn ẹ̀. Ó ní òun ti ṣe àníyàn òní fún Ọlọ́run, òun máa dúró de Mọ̀gàríbì, àmọ́ láti ọ̀la lọ, òun máa jẹun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kó fi orí jì mí, kó sọ ohun tí mo lè ṣe. Ó nu ojú, ó wò mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ kejìlélógójì nìyí. Ká ní mo lè kó o fún yín, ǹ bá kó o fún yín. Kò ṣeé kó fúnni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oókan.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Òní ni ọjọ́ kejìdínlógún. Mo ti lọ sọ fún Màdáámù Fọláwùmí, wọ́n sunkún, wọ́n lé mi jáde. Mo ti lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mi ò mọ ibi tó máa já sí, mi ò sì béèrè. Ìyàwó mi ń gbọ́únjẹ sààrì fún mi láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, àṣìṣe kọ́ ló pa mí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe. Ọjọ́ tí èèyàn kékeré bá bi yín léèrè nǹkan, ẹ dìde lọ wò ó lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì ti bàjẹ́, ẹ pe gbogbo ènìyàn wá wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn kan nínú yín ti ń sọ pé àwọn máa bá mi bẹ Alhaji Àlíyù. Mo dúpẹ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ àti ti Ìkòròdú, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì wa, gbogbo ẹni tó bá ti pe ọmọ náà ní apààyàn rí, ẹ mọ ilé wọn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀.